Àtúnṣe Orin Magdalene

"Sà, èyí kọ́ ni orin mi."

Magdalene yọ íápíìsì kúrò létí, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́ẹ́. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, bó ṣe máa ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni Bólúwají olùkọ́ orin máa ń bá a sọ nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ò bá tíì wọlé.

"Orin rẹ ni," ni Bólúwají wí. "Mo kàn bá ọ tún un ṣe díẹ̀ ni."

"Ṣé mo bẹ̀ yín ni, sà?"

Ní Iléṣà tí wọ́n ti tọ́ Bólúwají dàgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kò ní bi olùkọ́ ní irú ìbéèrè yìí kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ má gbóná. Níbí, ní Troyeville nílẹ̀ àjèjì, ńṣe ló gbójú kúrò lára ọmọ náà, tó ń wo ìta. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé obìnrin kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, láti wá gbọ́ orin tí àwọn ọmọ kọ. Bí iṣẹ́ wọn kò bá dára lójú obìnrin náà, wọ́n á gba àkókò orin, wọ́n á fi ṣe ìṣirò, iṣẹ́ Bólúwají á sì parí ní ìparí ọdún. Orí iṣẹ́ yìí sì ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ dúró lé.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní dùùrù. Kọ̀ǹpútà àlòkù díẹ̀ ni wọ́n ní, àti ètò ìkọrin ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ á fa àwọn àpótí kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi síbi tó bá wù ú, àpótí kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ jáde bí ọmọ náà ṣe tò ó. Bólúwají lè ṣí iṣẹ́ gbogbo wọn láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ohun tó ṣe nìyẹn lọ́jọ́ Sunday. Lẹ́yìn ìsìn, ó jókòó síbi ìjókòó àwọn akọrin, ó ń ṣí orin wọn, ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ó ń fi ìlù dí ibi tó bá ṣófo.

Bó ṣe máa ń ṣe ní ìjọ Kérúbù wọn náà nìyẹn. Ìyá kan á gbé orin wá, á ní ojú oorun lòun ti gbọ́ ọ, Bólúwají á tún un ṣe, ìyá náà á sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tó ni ín. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ẹnì kan lè bínú.

"Kí ni mo bà jẹ́ níbẹ̀?"

Magdalene fi ìka kan àárín orin náà lójú ẹ̀rọ. "Ẹ ti dí ibí yìí."

"Ó ṣófo ni. Mo rò pé o ò tíì parí ẹ̀."

"Mo ti parí ẹ̀, sà. Fourways ni mọ́mì mi ti ń ṣiṣẹ́, ó jìnnà. Tí wọ́n bá ti jáde nídàájí, ilé á dákẹ́. Èmi á máa tẹ́tí títí taxi á fi fọn fèrè, kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti rí ọkọ̀ wọ̀. Ibẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá lọ fi ìlù síbẹ̀."

Kingsley, olùkọ́ ìṣirò, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Ìbàdàn ló dàgbà sí, kò sì sí Yorùbá tí kò gbọ́.

"Bólú, fi ọmọdé yẹn sílẹ̀ jàre. Àbí òun ló fẹ́ kọ́ ọ̀gá akọrin lórin ni?"

"Ìwọ tó fẹ́ gba àkókò mi."

"Èmi? Èyí tí mo ń kọ́ wọn gan-an ti ń pa mí! Eish. Jẹ́ kí mọ́má yẹn gbọ́ ohun tó dùn, kó máa lọ. Shap, ó parí."

Nígbà tí obìnrin náà dé, àwọn ọmọ ti jókòó. Ó kí wọn, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́. Orin Magdalene ló ṣíwájú nínú àkọsílẹ̀. Bólúwají tẹ èyí tó ti tún ṣe. Obìnrin náà ń mi orí sí i títí ó fi parí.

"Ó dára gan-an," ló wí. Ó yíjú sí Magdalene. "Báwo lo ṣe ronú kan ohùn ìsàlẹ̀ yẹn?"

Magdalene wo Bólúwají. Ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀. Ńṣe ló ń dúró kí olùkọ́ rẹ̀ fi irọ́ tí òun máa pa hàn án.

Bólúwají yíjú sí obìnrin náà. "Òun kọ́, mà. Èmi ni mo fi í sí i. Gbogbo orin wọn ni mo tún ṣe."

Kingsley fi ọwọ́ bojú lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n tiwọn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́."

Ó dá orin náà padà sí bí ọmọ náà ṣe fi í sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ tínrín, ohùn kan ṣoṣo. Nígbà tó dé àárín, ó dákẹ́. Obìnrin náà wo ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sí wáyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Magdalene wí. "Ó ṣì ń bọ̀."

Ó dá ọwọ́ dúró. Fèrè kan dún láti inú ẹ̀rọ, èyí tó kù sì tẹ̀ lé e.

"Èyí tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ dùn jù ú lọ," ni obìnrin náà wí nígbà tó parí.

"Mo mọ̀, mà," ni Bólúwají wí.

"Mi ò sì lè lọ sọ lọ́fíìsì pé kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, mà."

Obìnrin náà fa àga àwọn ọmọ kan mọ́ra, ó jókòó, ó sì yọ gìgísẹ̀ kan kúrò nínú bàtà.

"Ta ló kàn?"

Bólúwají tẹrí ba sórí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú orin wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.