Ìkòkò Adìẹ Kan fún Ilé Márùn-ún

Lusungu NyaMphande ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo abúlé tó wà létí adágún lápá Nkhata Bay, Aṣíkòkò ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ṣiṣẹ́ ààbò ọmọdé fún ìjọba, ó sì ti di ọ̀gá lórí òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Òfin kan ló máa ń tẹ̀ mọ́ wọn létí láràárọ̀: ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́, ẹ ṣí ìkòkò. Àgbà lè purọ́, aládùúgbò lè purọ́, ọmọ pàápàá lè purọ́ tí wọ́n bá ti halẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìkòkò kì í purọ́. Tọkàntọkàn ló fi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, kò sì sẹ́ni tó láyà láti bá a jiyàn.

Ọjọ́ Fúráìdé ló máa ń pè wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti yẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wò. Ní Fúráìdé tí à ń wí yìí, Limbani ló kọ́kọ́ wọlé. Ọmọ ìlú ńlá Blantyre ni Limbani, kò tíì pé oṣù méjì tó dé. Nínú ooru tó ń mú kí ajá yọ ahọ́n, táì ni òun ń so mọ́rùn. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó pa ẹfọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tó gbé wá kì í ṣe kékeré. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì NyaMphande láti ilé ìtọ́jú ọmọ kan ní Mzuzu, wọ́n ní àyè ti ṣí, mọ́tò àwọn ń bọ̀ ní Túsìdé. Yewo lorúkọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ wá gbé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ìyá ìyá rẹ̀, NyaKamanga, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Agogo, ìyẹn ìyá àgbà, ló ń tọ́ ọ ní abúlé Msangwe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òṣìṣẹ́ ti débẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá ìkòkò arúgbó náà lófìfo. Ìbúwọ́lù NyaMphande nìkan ló kù kí ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó ní kí ojú tuntun lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i ná, ló bá rán Limbani lọ ní Wẹ́sìdé, kó bẹ gbogbo ilé tí orúkọ wọn wà nínú ìwé wò ní Msangwe.

"Màdáámù, ẹ bá mi yọ̀," ni Limbani wí. "Ìyàn ti parí ní Msangwe."

"Ta ló parí ẹ̀?"

"Ilé márùn-ún ni mo wọ̀. Mo ṣí ìkòkò márààrún. Adìẹ ni, Mà! Adìẹ nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, nílé márààrún!"

NyaMphande bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Oṣù Fẹ́búárì la wà yìí. Àgbàdo tuntun ò tíì gbó, ìjì ò jẹ́ kí apẹja wọ adágún, ewé ẹ̀gẹ́ ni àwọn èèyàn gidi ń jẹ. Ẹni tó bá ń jẹ adìẹ ní Fẹ́búárì létí omi yìí, àfi kó jẹ́ ìyàwó tuntun tàbí olè. Ó fa ìwé ọwọ́ Limbani sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

"Ilé kìíní, odindi adìẹ. Ilé kejì, adìẹ tí kò ní apá kan. Ilé kẹta, adìẹ tí kò lápá rárá. Ilé kẹrin, adìẹ tí kò lápá, tó ní ẹsẹ̀ kan." Ó gbójú sókè. "Ilé karùn-ún, ìyẹn ilé Agogo NyaKamanga: adìẹ tí kò lápá, tí kò lẹ́sẹ̀. Limbani, kí ló ń ṣe àwọn adìẹ yìí?"

"Èmi náà ṣàkíyèsí ẹ̀, Mà. Mo rò pé bí adìẹ apá ibí ṣe rí nìyẹn."

"Ṣé wọ́n fún ẹ lóńjẹ nílé kìíní?"

"Wọ́n fún mi, Mà. Ẹ ṣáà sọ pé ká má kọ oúnjẹ, pé àrífín ni."

"Kí lo jẹ?"

"Apá kan."

"Nílé kejì ńkọ́?"

"Apá kan."

"Nílé kẹta?"

"Ẹsẹ̀..." Limbani ti ń fi ìka kà á. Ìka rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́. Ẹnu rẹ̀ là, kò padé mọ́.

"Dúró, ọmọ mi, ó kù," ni NyaMphande wí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "O kọ ọ́ síbí pé ọmọbìnrin kan wà nílé kìíní, bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè lọ́rùn, tó ń mí gúlegúle. Nílé kejì, ọmọbìnrin kan, aṣọ ìyeyè, ó ń mí gúlegúle. Nílé kẹta ńkọ́? Aṣọ ìyeyè! Ó ń làágùn! Nísàlẹ̀ pátápátá, o ní kí ìjọba rán dókítà lọ, pé àìsàn èémí ń jà láàrin àwọn ọmọbìnrin Msangwe."

"Wọ́n fi tìfẹ́tìfẹ́ kí mi ni, Mà. Mo rò pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni."

NyaMphande ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gbá tábìlì, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kejì yọjú wò bóyá ẹnì kan ló kú. Ìkòkò kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn Msangwe sè. Bí Limbani ṣe ń dágbére nílé kan, tó ń gba ojú ọ̀nà ńlá lọ pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, ni ọmọ yẹn ti ń gbé ìkòkò gba ẹ̀yìnkùlé sáré lọ sílé kejì. Yewo fúnra rẹ̀ sì ni ọmọ náà.

Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, inú bí i. Ìkòkò tí kì í purọ́ ti purọ́, odindi abúlé ló sì kọ́ ọ ní irọ́ náà. Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ tó báyìí, ohun tó ń fi pamọ́ ò ní dára. Àyà rẹ̀ já nígbà tó ronú pé ó ṣeé ṣe kí ebi máa pa ọmọ yẹn kú lọ, kí wọ́n sì tún máa fi ṣe alágbàárù ọbẹ̀.

"Ní Mọ́ńdè, èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń lọ," ló wí. "A ò sì ní gba títì."

Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n apẹja ni wọ́n bá lọ. Ojú ọ̀nà ńlá ni àwọn ará Msangwe máa ń ṣọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ adágún. Ìgbì ń gbé wọn sókè, ó ń jù wọ́n sílẹ̀, Limbani bì sórí táì ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. NyaMphande sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tòun ti bàtà ọ́fíìsì, ó gba inú iyanrìn lọ tààrà sílé Agogo NyaKamanga, kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Àìkí èèyàn, àrífín ńlá nìyẹn jẹ́ lápá ibẹ̀, òun náà sì mọ̀.

Àwọn obìnrin tó rí i pariwo. Ẹnì kan ní, "Aṣíkòkò ti gba odò dé o!" NyaChirwa, obìnrin títóbi kan tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀, yọ tòun ti ìkòkò lábẹ́ aṣọ, bí aboyún tí ọmọ rẹ̀ ní ọwọ́ ìkòkò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. NyaMphande ti wà nídìí ààrò Agogo. Ó ṣí ìdérí.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìkòkò náà mọ́, ó gbẹ, eérú ààrò tutù. Ìgbà kẹrin tí wọ́n bá a lófìfo nìyí. NyaMphande fa lẹ́tà Mzuzu yọ, ó fa bírò yọ.

Agogo NyaKamanga jókòó sẹ́nu ọ̀nà lórí ẹní. Ó kéré, ó gbẹ, ojú rẹ̀ kan ti ń fọ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ń wo bírò náà.

"Ẹ jókòó ná, ọmọ mi," ló wí. "Bàtà yín ti mu omi."

"Agogo, ẹ má bínú. Ṣé Yewo ti jẹun lónìí?"

"Ó ti jẹun."

"Níbo? Ìkòkò yín rèé."

NyaChirwa, tó ṣì mú ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ikùn, ló dáhùn. "Lọ́dọ̀ tèmi ló ti jẹun. Èmi ni Mọ́ńdè."

"Kí ló ń jẹ́ èmi ni Mọ́ńdè?"

"Túsìdé lèmi," ni NyaManda, aládùúgbò mìíràn, wí látẹ̀yìn. "Ìyàwó tíṣà ni Wẹ́sìdé. Láti ọjọ́ tí ìyá ọmọ yẹn ti kú ni, ó ti pé ọdún kan. Apá Agogo ò ká oko mọ́, oníkálùkù sì mú ọjọ́ kan."

"Ọdún kan gbáko! Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ fún wa?"

Ibẹ̀ ni inú ti bí NyaChirwa. Ó gbé ìkòkò kalẹ̀ gbì. "Ta lẹ bi? Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín á dé, wọn ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ọmọ ti ń jẹun. Ìdérí ni wọ́n ń ṣí! Ìdérí, ìdérí, bí ológbò tó ń wá ẹja! A gbọ́ pé ẹ fẹ́ gbé ọmọ lọ torí ìkòkò Agogo. Ìkòkò lẹ béèrè, a fún yín ní ìkòkò. Tó bá jẹ́ ti Agogo nìkan ló ní adìẹ, ẹ ó fura, la bá ní kó kárí. Àkùkọ mi sì ni o! Ọdún Àjíǹde ni mo ń sìn ín dè, ọmọ onítáì yìí ló jẹ ẹ́ tán!"

Limbani wo ilẹ̀. "Ẹ ṣeun, Mà," ló wí. "Ó dùn."

Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n NyaMphande ò rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í, ó tì í dé eegun. Òun ló gbé òfin yẹn kalẹ̀. Mélòó nínú ìkòkò òfìfo tó ti kọ sínú ìwé láti ọdún mọ́kàndínlógún ló jẹ́ pé ilé kejì ni ọmọ ti yó? Kò fẹ́ kà á, ó sì mọ̀ pé òun máa padà kà á.

Síbẹ̀, iṣẹ́ niṣẹ́. Ó pe Yewo, ó mú un lọ sábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí àgbà kankan ò ti lè ṣẹ́jú sí i. Aṣọ ìyeyè náà ló wọ̀. NyaMphande dojú lẹ́tà Mzuzu bolẹ̀, ó gbé e lé orúnkún kó lè kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣófo.

"Mọ́ńdè ńkọ́?"

"NyaChirwa. Ó máa ń fún èèyàn lóńjẹ gan-an, àmọ́ iyọ̀ ẹ̀ pọ̀."

"Túsìdé?"

"NyaManda. Ẹja usipa kéékèèké pẹ̀lú kondowole, ọkà ẹ̀gẹ́. Àdúrà ẹ̀ ló ń gùn, ẹja á ti tutù."

Wẹ́sìdé, ìyàwó tíṣà, tó máa ń béèrè ìṣirò kó tó bu ọbẹ̀. Tọ́sìdé, ìyàwó bíríkìlà. Fúráìdé, ìyá àwọn ìbejì, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ yára jẹun. Sátidé, bàbá apẹja kan tí kò níyàwó, tó ń dá sè, tí ohun gbogbo sì máa ń jóná lọ́wọ́ rẹ̀. NyaMphande ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀rín ti padà sẹ́nu rẹ̀. Ó kọ Sọ́ńdè, ó fa ìlà sí i, ó dúró.

"Ta ni Sọ́ńdè?"

"Kò sí Sọ́ńdè," ni ọmọ náà wí, láìro ohunkóhun mọ́ ọn. "Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń wà. Tí èmi àti Agogo bá dé, a máa mu omi, a sì máa tètè sùn."

NyaMphande wo àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó bi wọ́n, ohùn rẹ̀ ò sì le: "Sọ́ńdè ńkọ́?" NyaChirwa wo NyaManda. NyaManda wo ìyàwó bíríkìlà. Oníkálùkù ti rò pé ẹnìkejì ni. NyaChirwa fọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà kì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè. Láti ọdún tí NyaMphande ti ń ṣí ìkòkò, kò ṣí ọ̀kan rí ní Sọ́ńdè.

Ó tẹ bírò mọ́wèé, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú Sọ́ńdè, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Lẹ́yìn náà, láìbuwọ́ lu iwájú lẹ́tà náà, ó na ìwé náà sí Limbani, ó ní kó buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.