Ọ̀rọ̀ Kan Tí Feleti Gbé Mì

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Neiafu, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Tonga, pé Feleti awakọ̀ ojú omi ń fẹ́ Kalolaine tíṣà. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ń jẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá mọ̀. Kalolaine gan-an mọ̀, torí Feleti ti bi í léèrè lójúkojú, lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù ilé wọn, ní ọjọ́ Kérésìmesì kan, pé ṣé yóò fẹ́ òun. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni èsì tó máa fún un.

"Ní sùúrù díẹ̀," ló sọ lọ́jọ́ náà. Sùúrù díẹ̀ ọ̀hún ló ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta yìí.

Kì í kúkú ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Tí ọkọ̀ Feleti bá ń wọlé sí èbúté nírọ̀lẹ́, tó kó àwọn òyìnbó tó lọ wo àbùùbùtán bọ̀, àyà Kalolaine á máa lù kìkìkì bí àyà ẹni tó sáré gun òkè. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọdé ló jẹ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ dágbére fún wọn pé òun ń lọ ká èso àjàrà ní Ọsirélíà fún sáà kan péré. Sáà kan bí méjì, méjì bí mẹ́ta, bàbá di ohùn lórí fóònù. Títí di òní, gbogbo Sátidé ni ìyá rẹ̀ ń sá ẹní tí ọkùnrin náà máa ń ró mọ́ ìdí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí àṣà ilẹ̀ wọn, sóòrùn, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kalolaine wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọjọ́ tí òun bá ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" fún ọkùnrin, ọjọ́ náà ni ọkùnrin ọ̀hún máa bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù àtilọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, tí Kalolaine ń kọ́ àwọn àgbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Feleti wà níbẹ̀ torí ìdánwò àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó àlejò. Màmá Heleine wà níbẹ̀ torí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Auckland kò gbọ́ èdè Tonga, ìyá àgbà sì fẹ́ bá a wí dáadáa. Soane, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Kalolaine, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i.

Kalolaine kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sójú pátákó: will have been waiting.

"Ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún iṣẹ́ kan ṣoṣo?" Màmá Heleine figbe ta. "Ṣé iṣẹ́ náà ń ṣàìsàn ni, tí mẹ́ta fi ń gbé e lápá?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ó ní iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, Màmá," Kalolaine dáhùn. "Ẹ fi ọkàn yín lọ dúró sí ọjọ́ kan tí kò tíì dé. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bojú wẹ̀yìn. Ẹ máa rí i pé nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ó ń lọ, ó ń lọ, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Àpẹẹrẹ: tí Kérésìmesì bá dé, bàbá mi á ti máa ká èso àjàrà fún ọdún mẹ́rìnlá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jábọ́ kó tó mọ̀. Soane sorí kọ́. Màmá Heleine ṣe bí ẹni tó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó wà lójú rẹ̀.

Feleti kò lè rí ojú Kalolaine nínú ìbànújẹ́ kó máa wò ó níran. Ó fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ jẹ, ó sì sọ gbólóhùn tirẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ketekete, níwájú gbogbo ayé:

"By Christmas, I will have waited for you for three years."

Háà! Kíláàsì dàrú. Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ ń pàtẹ́wọ́, ẹni tó ń lu tábìlì ń lu tábìlì. Soane kò dúró. Ọmọ ìyá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá jẹ́ nílẹ̀ wọn, kò sì sí arákùnrin gidi tó máa jókòó ti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n ń sọ sí arábìnrin rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sóde, ó gbé èkejì, ó gba ojú fèrèsé jáde.

"Soane, ilẹ̀kùn ńkọ́?" Màmá Heleine kígbe tẹ̀lé e.

"Ó jìnnà, Màmá!"

Ẹ̀rín tún gba gbogbo ilé. Kalolaine nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí pátákó, ó ń nu ohun tó kọ, ó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ ṣe ni, etí rẹ̀ kì í ṣe etí lásán. Will have waited. Màá ti dúró tán. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ká ẹní rẹ̀, tó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, tó ní ó dàárọ̀ o. Àṣé Feleti ti fi òpin sí i. Àṣé Kérésìmesì ni òpin náà.

"Ó tó báyìí fún òní," ló wí, ó sì kó ìwé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí omi lójú rẹ̀.

Kò pẹ́ tó délé ni Màmá Heleine dé bá a lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fọ ewé kókò tí wọ́n máa fi wé ẹran se lú. Ìyá àgbà kò kí i.

"Nígbà tí mo bá ṣe àṣìṣe, o máa ń fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ojú ìwé mi ya. Feleti ṣe tiẹ̀, o ò wí nǹkan kan. Ṣé torí pé èmi ò ní èjìká bíi tiẹ̀ ni?"

"Kò ṣe àṣìṣe, Màmá. Gbólóhùn rẹ̀ pé."

"Ó pé, o wá ń sunkún sórí ewé kókò?"

Kalolaine jókòó sórí àpótí. "Ó ní òun á ti dúró tán, Màmá. Ó ti sú u. Mi ò sì lè bá a wí, èmi ni mo fà á."

Màmá Heleine wò ó títí, ó wá ju ọwọ́ nù. "Ìwọ yìí, ìwé ti pọ̀ jù fún ọ. Nínú èdè tiwa, tí mo bá ní mo ti dúró, *kuo* ni. Tí mo bá ní mo ti ń dúró, tí mo ṣì wà lórí ìdúró, *kuo* náà ni. *Kuo* kan ṣoṣo ni ìyá Feleti kọ́ ọ. Ibo lo fẹ́ kó ti rí ìkejì? Gbéra, lọ bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lú ò níí sá lọ, èmi á wé e."

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí ìgboyà Kalolaine máa fi pé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté. Àwọn òyìnbó àlejò ti wọ ẹ̀wù ààbò wọn, wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀. Feleti ń da epo sínú ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe rí i, ó da epo sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà."

"Má pè mí ní Tíṣà. Tí Kérésìmesì bá dé, tí mi ò bá tíì dá ọ lóhùn, kí lo máa ṣe?"

Feleti ronú. "Màá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màá jẹ lú."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá wá sílé yín, màá jókòó sórí ọgbà màmá rẹ bí mo ṣe máa ń ṣe, wọ́n á sì lé mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe."

"Kí lo wá ń wá lórí ọgbà?"

"Ah, Kalo! Mo ń dúró dè ọ́ ni! Kí ni mo sọ ní kíláàsì lánàá? Soane gbọ́, ó bẹ́ lójú fèrèsé!"

"O sọ pé wàá ti dúró tán."

"Tán? Ta ló pe tán?"

"Ìwọ. *Been* ló yẹ kó wà láàárín. O gbé e mì."

Feleti fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni pé egungun ẹja há a. "Ọ̀rọ̀ tíńtín yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ tíńtín yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n tún ń sọ pé tí o bá yege nínú ìdánwò yẹn, wàá lọ wakọ̀ ní Brisbane, ní Ọsirélíà."

"Kí n lọ wá àbùùbùtán lọ sí Brisbane? Nígbà tí àbùùbùtán fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi níbí lọ́dọọdún?"

"Àbùùbùtán ò ní ẹsẹ̀."

"Tíṣà ni ọ́ lóòótọ́." Ó gbé kóńgò epo sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó nàró bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì. "By Christmas, I will have *been* waiting for you for three years." Ó pe *been* ọ̀hún sókè débi pé ẹyẹ orí òpó fò lọ. Àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́ èdè wọn, wọ́n bú sátẹ́wọ́.

Kalolaine dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan náà ni. Látọjọ́ yìí, ohun tó ń gbọ́ nínú wọn kò ju ẹni tó lọ tí kò padà, tó ń lọ síwájú sí i lójoojúmọ́. Kò rò ó rí pé ẹnìkan lè fi wọ́n wí pé òun wà níbí, òun ṣì máa wà níbí. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sí atẹ́gùn òkun.

"Gbólóhùn rẹ tọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó ṣẹ."

Ojú Feleti já wálẹ̀. "O ò fẹ́..."

"Mi ò fẹ́ kí o ṣì máa dúró tí Kérésìmesì bá dé. Sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kí wọ́n gbé kava ìtọrọ ìyàwó wá bá ìyá mi lóṣù tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó jókòó gbì sórí okùn ọkọ̀, pẹ̀lú bó ṣe ga tó.

"Kalo," ó rọra bi í, "àsìkò wo nìyẹn nínú gírámà?"

"Kì í ṣe àsìkò. Àṣẹ ni. Dìde, àwọn àlejò rẹ ń wò ọ́."

Ó dìde, ó kọsẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ fà, kò lọ, torí kò tíì tú okùn rẹ̀. Kalolaine bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú okùn náà lára òpó fúnra rẹ̀, ó sì jù ú sí i.

"Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń padà bọ̀ o!" Feleti kígbe láàárín ariwo.

"Mo mọ̀!" ló dáhùn, ó sì dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ.