Ẹ̀rọ Ìdìkoríko Sjur

Wọ́n ní a kì í torí òjò tó ṣú da omi àmù nù. Sjur ọkọ mi dà á nù, ó tún fọ́ àmù mọ́ ọn. Ó ra ẹ̀rọ ìdìkoríko àlòkù, èyí tó ń fi okùn di koríko gbígbẹ ní ìdì-ìdì, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti pa oko tì ní òdìkejì omi. Ọjọ́ kejì ló kó gbogbo igi tí a fi ń sá koríko, igi tí bàbá rẹ̀ gbẹ́, ó rẹ́ wọn wẹ́wẹ́ fún iná ìdáná.

Mo ní, "Sjur, o ò tíì rí i kó di ẹyọ kan o."

"Gunnvor, o fẹ́ràn àtijọ́ jù. Ta ló tún ń kọ́ koríko sórí igi láyé ìsinsìnyí?"

Iná igi yẹn náà ni mo fi yan búrẹ́dì, ọwọ́ tèmi náà ò mọ́.

Nígbà tó di oṣù keje, oòrùn yọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ohun tí a kì í sábà rí níbí. A gé koríko, a yí i, ó gbẹ, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Òun ni màlúù wa mẹ́ta máa jẹ látìgbà tí yìnyín bá ti bọ́ títí di oṣù karùn-ún. Bí kò bá wọ abà, alápatà ló máa kó wọn.

Sjur so ẹ̀rọ mọ́ katakata. Ìdì àkọ́kọ́ jáde, ó tú. Ìkejì náà tú. Okùn méjì ló yẹ kí ẹ̀rọ náà ta ní kókó. Ó ń ta tọ̀tún, tòsì ń yọ̀. Sjur dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó tú irin, ó fi fáìlì yún un, ó dà á padà. Ìdì tún tú.

Bàbá Mons, aládùúgbò wa tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, dúró lẹ́nu ọgbà pẹ̀lú páìpù lẹ́nu.

"Sjur, ẹ̀rọ ẹ mọ koríko fọ́n ká o. Igi bàbá ẹ dà?"

"Mo ti fi dáná, bàbá."

Bàbá náà yọ páìpù lẹ́nu, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Òjò ń bọ̀. Ká ní ó wà lórí igi ni, kò ní lè bà á jẹ́. Ǹ bá yá yín ní tèmi, àmọ́ koríko ti kún orí ẹ̀."

Mo ní ká yáa fi ọwọ́ kó o. Sjur ní kí n fún òun ní wákàtí kan. Wákàtí kan yẹn di ọjọ́ méjì. Èmi nìkan ń gbá a mọ́ra lọ sí abà títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀, ohun tí mo kó ò sì lè tó àwọn màlúù jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Inú bí mi débi pé n ò lè bá a jẹun.

Òjò dé, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Koríko tó kù lóko di dúdú, ó hu olú. Mo pe alápatà lórí fóònù, nítorí Sjur ò ní pè é láéláé.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ alápatà dé. Sjur wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń de irin tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú. Ó gbọ́ ohùn màlúù, kò jáde. Èmi ni mo fa Litago àti Stjerna, méjì nínú màlúù wa, gòkè sínú ọkọ̀. Dagros, ìkẹta wọn, kọ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Mo sunkún, kí n má purọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn ti padà yọ, mo sì gbọ́ katakata lóko. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Sjur fi wọlé, òróró irin ló bò ó dé irun.

"Gunnvor, ìdì mẹ́tàlélógójì. Ìkankan ò tú nínú wọn. Wá wò ó."

Mo tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn gún régé, kókó wọn le dáadáa. Mo ti ọwọ́ bọ inú ọ̀kan: ó gbóná, ó ń rùn bí koríko tó ti jẹrà.

"O ṣe é," mo wí.

"Ibo ni ká tò wọ́n sí?"

"Ilé màlúù. Àyè ti wà níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìdì àkọ́kọ́, ó sì ń gbé e lọ síbẹ̀.