Ọ̀rọ̀ Tí Kò Bá Wọn Kó Lọ

Ó ti pé ogún ọdún tí obìnrin kan ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé àwọn ọmọdé, òun náà ló sì ń bójú tó ìkànnì wọn lórí ayélujára. Nígbà tí ètò tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sórí ìkànnì náà gbó kọjá àtúnṣe, ọ̀gá ní kó yẹ tuntun méjì wò, kó mú ọ̀kan.

Ètò kìíní lè kó gbogbo ẹrù àtijọ́ dání, títí kan ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ kọ sábẹ́ ìwé tí wọ́n kà. Èkejì kò lè kó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tí àìsàn mú lọ ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún síbẹ̀. Ajẹ̀wé ló ń pe ara rẹ̀. "Ìwé yìí dùn, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ewúrẹ́ rí." Ọdún mẹ́fà rèé tí ọmọ ti lọ, ìyá kò sì ṣí ojú ewé wọ̀nyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dáhùn fóònù kó wá dán àwọn ètò náà wò, torí òun náà ni yóò máa kọ ìkéde sórí ìkànnì. Ojú obìnrin náà kò ríran. Kọ̀ǹpútà ló ń kàwé sí i létí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Elétí Ehoro, kí wọ́n tó fi orúkọ burúkú pè é.

Lórí ètò kìíní, ohùn kọ̀ǹpútà ń ké ṣáá pé, "Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì." Kò sọ èwo ló ń ṣe kí ni.

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì yìí mà pọ̀ o! Ẹ bá mi wá ẹ̀wù tí màá rán an mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n odindi wákàtí kan kọjá, kò rí ìlà kan kọ. Lórí ètò kejì, kò pẹ́ rárá tó fi kọ ìkéde ìsinmi, tó sì gbé e jáde.

"Èmi ni mo ṣe é? Láìbẹ ẹnikẹ́ni?"

"Ìwọ ni."

Ìyá Ajẹ̀wé lọ bá ọ̀gá. "Èkejì ni mo mú," ni ó wí.

Ọjọ́ kejì ló tó ṣí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, kó lè dà á kọ sínú ìwé. Ó bá èsì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Wọ́n gé igi tó o máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀. Mo fi pákó rẹ̀ kan àga." Orúkọ tó wà lábẹ́ èsì náà ni Káfíńtà. Èyí tó dé kẹ́yìn, ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni wọ́n kọ ọ́: "Màmá ẹ ò rẹ́rìn-ín mọ́ nílé. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un."

Ọkọ rẹ̀ ni. Ọkùnrin tó máa ń dìde kúrò níjòókòó bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọmọ náà.

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ káfíńtà, níbi tó ti ń fá pákó.

"Bàbá Ajẹ̀wé, mo ti rí ohun tí ẹ ń kọ." Ọkùnrin náà dáwọ́ dúró. "Wọ́n á ti ìkànnì àtijọ́ náà pa lọ́jọ́ Ajé. Èmi ni mo mú ètò tí kò lè kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn."

"O ò bi mí."

"Ẹ ò jẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi yín?"

Ọkùnrin náà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé kò ṣeé yí padà?"

"Ó ṣeé yí. Àmọ́ Elétí Ehoro ò ní lè ṣiṣẹ́ náà mọ́."

Ọkùnrin náà jókòó lórí pákó. "Má yí i padà." Ẹkún àgbà ló sun, ẹkún tí kì í pariwo. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó yẹra.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ ló ní kí àwọn jọ ṣí ojú ewé ọmọ náà. Ó ń kà, ìyàwó ń dà á kọ. Nígbà tó kan àwọn èsì tirẹ̀, ìyàwó gba kíkà náà, ọkọ sì mú bírò.

Wọ́n ti ìkànnì náà pa ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Kò pẹ́ sígbà náà, fóònù ilé ìkàwé dún, Elétí Ehoro gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ yín ni."

Ó gbà á. "Ó ti lọ?" ni ọkùnrin náà béèrè.

"Ó ti lọ."

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀ nínú wọn.