Àjàgà Ẹṣin Tó Kú

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ẹṣin Bísádà ṣubú kú sábẹ́ ẹrù bíríkì ní ìlú Hẹlúánì, ó ra abo ẹṣin mìíràn, ó sì gbé àjàgà èyí tó kú kọ́ ọ lọ́rùn.

Abo ẹṣin náà kò dé ibi ìsun bíríkì rí. Síbẹ̀, kí Bísádà tó fa ìjánu, ẹṣin náà ti yà sọ́nà ibẹ̀. Ó dúró níbi ìkòkò omi tí ẹṣin tó kú ti máa ń mumi.

Fánúsì, tó ń da kẹ̀kẹ́ ẹṣin tirẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, rẹ́rìn-ín. “Bísádà, ṣé ìyàwó tuntun yìí ti gbé ilé yìí rí ni?”

Bísádà kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, níbi tí iná ìsun bíríkì ti ń jó, ẹṣin náà kúnlẹ̀ gan-an níbi tí ẹṣin àkọ́kọ́ kú sí. Oòrùn ọ̀sán mú, àmọ́ òtútù mú Bísádà.

“Nà án, kó dìde!” ni Fánúsì pariwo.

Ó gbé pàṣán sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì wálẹ̀ mọ́. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àjàgà: wáyà ti yọ látinú awọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn ní èjìká ọ̀tún ẹṣin náà, níbi tí egbò ẹṣin tó kú wà gẹ́lẹ́. Ọ̀lẹ ni Bísádà máa ń pe ẹṣin yẹn nígbà tó bá dúró.

“Olúwa, dárí jì mí.”

“Ta ni yóò wá fa bíríkì ọ̀gá tó gbà wá síṣẹ́?” ni Fánúsì bi í.

“Kì í ṣe ẹṣin yìí, arákùnrin mi.”

Ó tú àjàgà náà, ó jù ú sínú iná ìsun bíríkì náà. Abo ẹṣin náà dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà.