Ó-Ku-Bọ́tìnì Du Ipò Káńsẹ́lọ̀

Ọjọ́ tí ọkọ mi sọ fún mi pé òun fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, àwo ni mò ń fọ̀ lọ́wọ́. Mo rọra gbé àwo náà sílẹ̀ kí n má baà fọ́ ọ mọ́ ọn lórí. Ta ni yóò dìbò fún télọ̀? Télọ̀ tí gbogbo abúlé ń pè ní Ó-Ku-Bọ́tìnì! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí o bá béèrè aṣọ rẹ, á ní ó ku bọ́tìnì, bẹ́ẹ̀ kò tíì gé e. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ rí fún obìnrin kan tó gbé kọ́tìnì wá.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń lé e. Ìjọba ìbílẹ̀ ti ti ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa pa, wọ́n ní ọmọ kò pọ̀ tó. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ti ń kó lọ sí ìlú ńlá, tí ilé ń di ahoro lójú wa. Ọmọ wa obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tí a bí, wà lára wọn. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó ní, “Màmá, ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣí lẹ máa rí wa.” Káńsẹ́lọ̀ tó wà lórí àga, ẹni tí à ń pè ní Onímọ́tò Dúdú, kò tilẹ̀ wúkọ́. Ìgbà ìbò nìkan ni mọ́tò rẹ̀ ń mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Bí ọkọ mi bá wọlé, ilé ẹ̀kọ́ lè ṣí. Bí kò bá wọlé, kí n gbàgbé ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi nìyẹn.

Mo ní, “Ó dáa, ẹ lọ du ú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ bọ́tìnì.”

Iwájú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì náà la ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní òun á jà kí ilé ẹ̀kọ́ ṣí, kí bọ́ọ̀sì padà sí ọ̀nà wa. Àwọn èèyàn ti ń mi orí, àfi bí ẹnì kan ṣe pariwo láti ẹ̀yìn: “Ṣòkòtò mi ńkọ́?”

Ni ẹ̀rín bá sọ. Òmíràn ní, “Kóòtù mi ńkọ́?” Obìnrin kan ní, “Aṣọ ìgbéyàwó mi ńkọ́?” Ọmọ rẹ̀ kejì ló gbé dání.

Ìyá Tíṣà dìde. Àwọn ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kí ìjọba tó tì í; títí di òní, bí wọ́n bá dìde, àwọn arúgbó pàápàá á ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò,” wọ́n ní. “Ìwọ télọ̀ yìí, aṣọ wa ló kún ọrùn hángà rẹ. Lọ parí gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ kó tó di ọjọ́ ìbò. Èmi fúnra mi ni màá wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá pé, ìwọ la máa dìbò fún. Tó bá ku ẹyọ kan péré, Onímọ́tò Dúdú ni.”

Gbogbo èèyàn ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà!”

Báyìí ni ìpolongo ìbò ṣe di aṣọ rírán. Onímọ́tò Dúdú ń lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri. Ní tiwa, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń ké látàárọ̀ dalẹ́. Èmi ni mò ń lọ aṣọ, èmi náà ni mò ń gbé e kiri. Mo gbé ṣòkòtò lọ fún ẹnì kan tí ọkọ mi wọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ti hu irùngbọ̀n. Ṣòkòtò dé orúnkún, ó dúró síbẹ̀. Mo gbé kóòtù lọ fún ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ ti yọ síta: bọ́tìnì pé, ihò bọ́tìnì pé, wọn ò kàn lè fojú kan ara wọn mọ́ ni.

Mo rò pé èébú ni màá jẹ bọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọkùnrin oníkóòtù bọ́ síta, ó ń pariwo, “Èmi rèé o! Mo gba aṣọ lọ́wọ́ Ó-Ku-Bọ́tìnì! Ẹ wá wò mí!” Ó wọ̀ ọ́ yí abúlé ká.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀la, Ìyá Tíṣà dé. Wọ́n yẹ abẹ́ tábìlì wò, wọ́n yẹ inú àpótí wò. Kò sí nǹkan kan. Mo ti fẹ́ máa jó nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n rí gáùn búlúù kan tó kọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló ní.

“Ta ló ni èyí?”

Ọkọ mi tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ gáùn náà. Ọmọ wa ló ni ín, ó fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láti rán nígbà tó ń lọ. Orí mi gbóná.

“Bàbá yìí! Apá aṣọ kan lẹ fẹ́ fi pa wá? Ẹ jókòó, ẹ rán an kíákíá, màmá á dúró.”

“Mi ò ní rán an,” ó ní.

“Kí ló dé?”

Ó wo ilẹ̀. “Tí mo bá parí ẹ̀, á ní kí n fi ránṣẹ́ sóun. Kí ló wá kù tó máa mú un wá sílé? Ẹ dìbò fún Onímọ́tò Dúdú tẹ́ ẹ bá fẹ́.”

Gbogbo ìgbà tí mò ń sunkún ọmọ, ńṣe ló máa ń ní kí n ṣe ọkàn akin. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé kò sọ ọ́ fún mi.

Ìyá Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. “Aṣọ oníbàárà ni mo wá yẹ̀ wò,” wọ́n ní. “Ọmọ ẹni kì í ṣe oníbàárà ẹni.” Kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nípàdé nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá tíṣà jiyàn?

Lọ́jọ́ ìbò, ẹ ò bá wá wo ìlà! Ṣòkòtò orúnkún wà níbẹ̀, kóòtù tí kò pàdé wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ méjì náà sì wọ aṣọ ìgbéyàwó funfun balau, ó pọn ọmọ lé e. Onímọ́tò Dúdú wò wọ́n láti inú mọ́tò, ó ṣẹ́rí padà. Ọkọ mi wọlé.

Mi ò ní sọ pé ilé ẹ̀kọ́ ṣí lọ́jọ́ kejì. Télọ̀ lọkọ mi, ó pẹ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, wọ́n ń pa oríṣiríṣi irọ́ fún un ní ọ́fíìsì, àmọ́ irọ́ wo ni wọ́n fẹ́ pa fún ẹni tó ti pa gbogbo rẹ̀ rí? Nígbà tó yá, wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mò ń ké, mò ń dì mọ́ wọn, a ń fa ẹrù. Ọkọ mi ò bá wa gbé nǹkan kan. Ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo ti lanu láti bú u kí n tó gbọ́ ẹ̀rọ. Ká tó gbé báàgì tó kẹ́yìn wọlé, ó ti jáde pẹ̀lú gáùn búlúù lọ́wọ́, apá méjèèjì pé.