Ìrìnàjò tí Péjú Fi Pamọ́

Lọ́jọ́ tí ọmọ kan ṣoṣo tí Péjú ní bímọ ní Ajax, ní Kánádà, orí kẹ̀kẹ́ ni Péjú wà ní Ítálì.

Àwọn tó gbọ́ ní ó sá fún ọmọ rẹ̀ ni. Irọ́ ni. Péjú kò mọ̀ pé Ìdẹ̀raolúwa lóyún, Ìdẹ̀ra náà kò sì mọ̀ pé ìyá òun ń lọ síbì kankan. Ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò kò ní sọ títí ọkọ̀ òfúrufú á fi balẹ̀. Ẹni tó lóyún á máa wọ aṣọ ńlá títí aṣọ kò fi ní bò ó mọ́. Ẹnu ayé là ń sá fún. Péjú fúnra rẹ̀ ló fi èyí kọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí ti pẹ́. Nígbà tí Péjú wà lọ́mọdé ní Ìṣẹ́yìn, bàbá rẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ dúdú kan tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin máa ń gùn lọ sóko. Bí Péjú bá fọwọ́ kàn án, ìyá rẹ̀ á pariwo pé obìnrin kì í gun kẹ̀kẹ́, ṣé ó fẹ́ ba ara rẹ̀ jẹ́ ni. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, wọ́n kó wá sí Kánádà, Adéṣẹ́gun ọkọ rẹ̀ kú, ó tọ́ ọmọ wọn títí ó fi lọ sílé ọkọ. Ìlérí kan ṣoṣo tí Ìdẹ̀ra gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni pé tóun bá bímọ, ìyá òun ló máa wá wẹ ọmọ náà. Péjú ní ta ni ì bá tún wẹ̀ ẹ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Péjú ti ń ṣiṣẹ́, ní Etobicoke. Nínú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan wà lára ògiri. Àwòrán ojú ọ̀nà kan ní Ítálì ló wà lórí rẹ̀: ọ̀nà tóóró lórí òkè, igi gíga tín-ín-rín lọ́tùn-ún lósì, obìnrin kan tó ti hewú tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, tó kẹ̀yìn síni. Ọdún kàlẹ́ńdà náà ti kọjá tipẹ́, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Péjú á jókòó síwájú rẹ̀, á máa jẹ ìrẹsì, á máa wo ẹ̀yìn obìnrin yẹn. Ó ń ṣe é bíi kó mọ ohun tó wà níbi tí ọ̀nà náà ti yà sẹ́yìn òkè.

"Ṣé o fẹ́ fẹ́ ògiri yẹn ni?" Hàlímátù bi í lọ́jọ́ kan. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, ẹnu Hàlímátù kò sì ní bíréèkì.

"Kẹ̀kẹ́ ló wù mí."

"O mọ̀ ọ́n gùn?"

"Rárá."

"Ìyá àgbà, o ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, Ítálì lo fẹ́ ti gùn ún. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó o rí àwòrán ọkọ̀ òfúrufú o."

Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ ọ, lẹ́bàá odò Humber, ní Sátidé Sátidé. Péjú ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó, àwọn ọmọ kéékèèké ń sáré kọjá lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí kẹ̀kẹ́ náà gbà fún un, tí afẹ́fẹ́ odò kún inú aṣọ rẹ̀, ó kígbe bí ọmọdé. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi ń yọjú lójú fèrèsé, tó ń wò ó bóyá yìnyín ti yọ́.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, Ìdẹ̀ra kì í wá. Kérésì ni wọ́n fojú kanra kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, orí fóònù ni, ojú nìkan ni Ìdẹ̀ra sì ń jẹ́ kó hàn. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Oyún kan ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára rí lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ ti gbọ́, ni òun àti Jùwọ́n ọkọ rẹ̀ bá pinnu pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tiẹ̀ eléyìí, ì báà ṣe ìyá, ì báà ṣe ọ̀rẹ́, àfi tó bá wọ oṣù kẹsàn-án. Ó yẹ kí Péjú béèrè ohun tó dé. Kò béèrè. Inú rẹ̀ ń dùn pé ẹnì kan ò bi òun léèrè ibi tóun ń lọ ní Sátidé.

Lọ́sẹ̀ tí òun àti Hàlímátù máa gbéra lọ sí Ítálì, Ìdẹ̀ra pè é.

"Mummy, ẹ wá kí wa ní Sátidé. Tẹ́ ẹ bá ti wọ GO train, Jùwọ́n á wá gbé yín ní stéṣọ̀n."

"Sátidé yìí? Mo níṣẹ́."

"Ẹ tọrọ àyè. Please. Mo fẹ́ se ẹ̀fọ́ rírò fún yín."

"Ìwọ? Ẹ̀fọ́ rírò? Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Ìdẹ̀ra rẹ́rìn-ín. "Mummy, I'm serious. Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín."

"Ṣé kò lè dúró di oṣù tó ń bọ̀?"

Péjú ń gbọ́ bí Ìdẹ̀ra ṣe ń mí gúlegúle, ó rò pé ó ń gun àtẹ̀gùn ni.

"Oṣù tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù," ni Ìdẹ̀ra wí.

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè Péjú. Ó kù díẹ̀ kó ní, Ìdẹ̀ra, Ítálì ni mò ń lọ. Ó gbé e mì. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ mọ́, kí ló dé tó máa fẹnu ara rẹ̀ bà á jẹ́? Ó pẹ́ kó tó yé e pé ọmọ tó wà lódìkejì náà ń gbé tirẹ̀ mì.

"Fóònù mi ń ṣe ségesège o," ló sọ. "Tó o bá pè tí kò lọ, má jáyà."

Ó ti múra irọ́ yẹn sílẹ̀. Fóònù tó bá wà lókè òkun, dídún rẹ̀ máa ń yàtọ̀ létí ẹni tó ń pè, Péjú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú ló ti pa á pátápátá.

"Ṣé ọlọ́pàá ń wá ẹ ni?" Hàlímátù bi í.

"Fi mí sílẹ̀."

Lucca, ní Ítálì, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri àtijọ́ yí ìlú náà ká, ó sì fẹ̀ débi pé èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀. Péjú yí ìlú po, ó tún yí i po. Òrùlé pupa wà nísàlẹ̀, aṣọ wà lójú fèrèsé, obìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ jà láti òkè ilé. Ọkọ̀ kan ń gbé ẹrù wọn lọ síwájú, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Wọ́n á gùn ún díẹ̀, wọ́n á mu kọfí, wọ́n á jẹ búrẹ́dì àti tòmátì, wọ́n á tún gùn ún. Wọ́n gba àárín oko àjàrà, wọ́n gba abẹ́ igi ólífì tó dà bíi pé eruku bo ewé rẹ̀. Níbi tí òkè bá ti ga, Hàlímátù á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti kẹ̀kẹ́, á máa bú ẹni tó la ọ̀nà náà. Péjú kì í sọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọ sí ọ̀nà kan tó jọ tinú àwòrán yẹn, tòun ti igi lọ́tùn-ún lósì. Ó gùn ún dé ibi tó ti yà. Ọ̀nà mìíràn ló wà níbẹ̀, àti ilé kan, àti ajá kan tó ń sùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ omi bọ́ lójú Péjú. Ó wù ú kí bàbá rẹ̀ rí i, kí Adéṣẹ́gun rí i. Èyí tó wù ú jù ni kí Ìdẹ̀ra wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, kó máa pariwo pé kí Mummy rọra. Ó pinnu pé òun á mú un wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé etí òkun, fóònù Hàlímátù dún. Jọláolúwa tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

"Péjú ńkọ́? Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti fi ìpè dààmú wa níbí. Ìdẹ̀ra ti bímọ o!"

"Ó bí kí ni?" Hàlímátù bi í.

"Ọmọ ni o! Ṣé èèyàn tún ń bí nǹkan mìíràn ni?"

Péjú rò pé Ìdẹ̀ra mìíràn ni. Ó tan fóònù tirẹ̀, ìpè Jùwọ́n àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń wọlé tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn wọn ni ohùn tí Ìdẹ̀ra gbà sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Ìdẹ̀ra máa ń sá sí bí ara bá ń ni ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ní, "Màámi, ẹ̀yin dà? Ẹ̀rù ń bà mí."

Péjú jókòó sórí yanrìn, ó pè é.

"Where are you, Mummy?"

"Ítálì."

"Kí lẹ ń ṣe ní Italy?"

"Mò ń gun kẹ̀kẹ́."

Ọmọ ọwọ́ ń ké nítòsí Ìdẹ̀ra, obìnrin kan sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Péjú mọ ohùn náà. Ìyá Jùwọ́n ni, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ àgbà ní Brooklin, nítòsí Ajax.

"Grandma ti wà níbí," ni Ìdẹ̀ra wá sọ. "Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́. Enjoy your trip."

Ọkọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́ tó rí ni Péjú bá wálé. Ìyá Jùwọ́n ló ṣílẹ̀kùn ilé Ajax fún un, ó ró aṣọ mọ́ àyà, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi ìwẹ̀ ọmọ tó ń pò.

"Ìyá Ìdẹ̀ra! Ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín."

Kò fi ṣẹ̀fẹ̀, obìnrin rere ni. Ìyẹn gan-an ló dun Péjú. Àlejò ló fi í ṣe.

Péjú bọ́ bàtà, ó fọ ọwọ́, ó mú kànrìnkàn. "Ẹ gbé e fún mi, Màmá. Ẹ lọ sinmi."

Ìyá Jùwọ́n wo Ìdẹ̀ra, tó jókòó sórí àga, tí ojú rẹ̀ wú.

"Mummy, ẹ fi sílẹ̀," ni Ìdẹ̀ra wí. "Ó ti mọ ọwọ́ wọn."

"Á mọ tèmi náà."

"Mo pè yín títí. Grandma, ẹ̀ẹ̀kan ni a pè wọ́n, wọ́n dé."

"Ìwọ náà ò sọ fún mi, Ìdẹ̀ra."

"Sátidé ni mo fẹ́ sọ ọ́."

Péjú gbé kànrìnkàn náà sílẹ̀. Ìyá Jùwọ́n wẹ ọmọ tán, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fi òrí ra á lára, ó ń na apá rẹ̀. Péjú jókòó, ó ń wò. Nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà, ọ̀nà òkè yẹn ló ń wù ú, ìwúwo ọmọ náà lórí itan rẹ̀ sì ń wù ú. Kò lè purọ́ pé òun kábàámọ̀ ìrìnàjò náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún.

Ìdẹ̀ra kò bá a jà. Ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ń pè é wá jẹun ní Sunday, Péjú á sì kọ́kọ́ béèrè kó tó lọ. Ìyá Jùwọ́n ti kó kúrò ní Brooklin wá sí Ajax pátápátá. Òun ni ọmọ náà ń sá tọ̀ tó bá ṣubú. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Péjú kò wẹ̀ ẹ́ rí.